Abẹ Bàbá Àgbà àti Kòkòrò Tó Ń Jẹ́ E

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Surulere ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Màámi ń rọbí àbúrò mi lọ́wọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì ní kí ẹbí fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ torí ẹ̀yìn ọ̀la. Bàbá Àgbà, tí wọ́n bí Màámi, ló kọ́kọ́ ká apá bùbá wọn sókè. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n, àìsàn wọn kì í sì í ju ọ̀fìnkìn lọ. Kò pẹ́ tí dókítà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí fi pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ṣeé lò, pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòkòrò hẹpatáítísì B wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń bá ẹ̀dọ̀ jà, tí àwọn kan ń pè ní mẹ́dọ̀wú.

Mo ń retí kí Bàbá pariwo. Wọ́n kàn fa apá bùbá wọn wálẹ̀, wọ́n wo dókítà náà dáadáa, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun. Ọmọ ibo ni?”

Dókítà ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lòun.

“Mo ti mọ̀ yẹn látìgbà tí ẹ ti kí wa,” ni Bàbá dáhùn. “Kòkòrò yẹn ni mò ń béèrè.”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé Bàbá ò ṣeré, ó yí bébà kan padà, ó fi báírò ya àwòrán ayé kan tó wọ́ jánganjàngan, ó sì ń kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀yà kòkòrò náà sí i níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà A ní àríwá Yúróòpù àti ní ìlà-oòrùn Áfíríkà títí dé gúúsù rẹ̀. B àti C ní Ṣáínà àti àwọn ìlú tó yí i ká. D láàárín àwọn Lárúbáwá títí dé Íńdíà. Ó wá fi ẹnu báírò tẹ ibi tí a wà. Tiwa níbí ni E, ló wí. Bàbá ká bébà náà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. “Àbẹ̀kẹ́, tọ́jú ẹ̀. Ẹni tá ò mọ ilé ẹ̀, a ò lè mọ bá a ṣe máa bá a jà.”

Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, mi ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwàdà ni ìbéèrè Bàbá. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wà ní Mushin kí wọ́n tó bí Màámi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga wọn nìyẹn. Àwòrán ayé ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, èyí tí tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà wọn fún wọn nígbà tó ń kó kúrò ládùúgbò. Bí o bá ti dárúkọ ìlú rẹ, Bàbá á mú abẹ́rẹ́ olórí kan, wọ́n á gún un mọ́ ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ Yorùbá fi kún dẹ́nu, tí abẹ́rẹ́ ń gun abẹ́rẹ́ lórí. Bàbá ní ẹni tó ya àwòrán yẹn kò ṣe dáadáa. Wọ́n wá páálí kan, wọ́n ya ilẹ̀ Yorùbá tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tóbi ju Rọ́ṣíà lọ.

Nígbà mìíràn wọn kì í béèrè rárá. Wọ́n á fi ìka wá àpá gbẹ́rẹ́ ní àtàrí oníbàárà, wọ́n á wo ibi tí fìlà ti tẹ irun mọ́lẹ̀, wọ́n á gbọ́ bó ṣe pe omi àti bó ṣe pe iyọ̀, wọ́n á sì dárúkọ ìlú. Arákùnrin kan wá, ó ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé lòun, ó tún sọ orúkọ agboolé. Bàbá fọwọ́ pa á lórí lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ní, “Ará Ṣakí, báwo ni ilé?” Arákùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí Bàbá dúró ná, kí abẹ má gé òun. Ṣakí ni ní tòótọ́. Bàbá gún abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. “Orí kì í purọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹnu ló máa ń lọ síbi tí orí ò dé rí.”

Àmọ́ abẹ yẹn, ó yẹ kí n sọ nípa rẹ̀, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Baba wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn, abẹ tó ń ṣẹ́ po, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí Bàbá bá ti pọ́n ọn lára awọ, wọ́n á tọ́ ọ wò lápá òsì ara wọn kí wọ́n tó gbé e sórí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni baba wọn ṣe kọ́ wọn: abẹ tí o ò lè gbé sára rẹ, má gbé e sórí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí. Bó bá ha wọ́n díẹ̀, wọ́n á fi aṣọ nù ún, ó parí.

Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àrùn éèdì, Bàbá gbé abẹ náà sínú àpótí, orí kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba bíléèdì tuntun. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ọdún gbọọrọ ni ẹnì kan fi jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Bàbá Tẹ́lọ̀ ni, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Bàbá, ọmọ Iléṣà, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Ọmọ Ọbòkun ni Bàbá ń pè é, òun náà sì ń pe Bàbá ní Àlàó. Láti apá Bàbá ni abẹ ti máa ń bọ́ sórí Bàbá Tẹ́lọ̀ tààrà.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé kí Bàbá tó ro ọ̀rọ̀ yìí já. Mo bá wọn lórí àga oníbàárà lọ́sàn-án gangan, wọ́n ká apá òsì sókè, wọ́n ń wo àwọn àpá wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń kàwé. “Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí, “ṣé kì í ṣe pé mo ti kó o ran Ọmọ Ọbòkun?”

Mo ní màá wádìí.

Nílé, ọ̀rọ̀ ife ló gbòde. Ẹ̀rù ba Màámi nítorí ọmọ tuntun. Wọ́n ra ife aláwọ̀ ewé kan àti àwo kan, wọ́n ní ti Bàbá nìkan nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá ò bá wọn jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a rí ife náà lẹ́yìn ilé, Bàbá ti gbin àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Màámi ra òmíràn. Bàbá gbin ata sínú ìyẹn. Ìgbà tí ó di ife mẹ́rin, mo gbé ohun tí mo ti kọ sínú ìwé àjákọ mi wá, mo kà á fún Màámi bí ẹni ń ka ìròyìn: kòkòrò náà kì í gba ara ife tàbí àwo tàbí ìdìmọ́ra ràn, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Mo ní wọ́n ti gún àbúrò mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kó tó pé ọjọ́ kan láyé, pé àwa tó kù ti ṣe àyẹ̀wò, kò sí lára ẹnikẹ́ni, a ó sì gba abẹ́rẹ́ tiwa náà. Màámi bu omi sínú ife ara wọn, wọ́n gbé e fún Bàbá. Bàbá mu ún tán. “Ife mi ò bá ẹnikẹ́ni jà,” ni wọ́n wí, “kí ló dé tó fi máa dá gbé?” Àlùbọ́sà náà so dáadáa.

Mi ò lọ sí yunifásítì. Bí mo ṣe jáde girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Yaba, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ibẹ̀ sì ni mo ti kàwé tèmi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé iṣẹ́ lórí kòkòrò àìfojúrí wá, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kà á kó tó lọ. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ jí iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo bá rí ni mo ń gbé lọ fún Bàbá ní Mushin, wọ́n á sì máa gbọ́ ọ bí ìròyìn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun.

Mo sọ fún wọn pé ìwé àbùdá tó wà nínú kòkòrò náà, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA, kúrú: lẹ́tà 3,212 péré ni ti E. Ti D ló kúrú jù, 3,182. Ti G ló gùn jù, 3,248. Bí ti ẹni méjì bá fi nǹkan bíi lẹ́tà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, àwọn onímọ̀ á ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bàbá ní ìyẹn kò tó ìyàtọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sí Iléṣà. Mo ní F wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, H ní Mẹ́síkò, I ní Fiẹtinámù àti Láọ̀sì. Mo ní G kì í sábà dá rìn, pé ara ẹni tí ẹ̀yà mìíràn ti wà ni wọ́n ti máa ń rí i. Bàbá ní àwọn mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n J ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ara bàbá arúgbó kan ṣoṣo ní Japan ni wọ́n ti rí i, àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn pé bóyá kò tó ẹ̀yà. Ìgbàkígbà tí mo bá dé, Bàbá á bi mí bóyá ará J ti rí ẹnì kejì. Mo ní rárá. Wọ́n á mi orí. “Ẹ̀yà tó ní ẹnì kan ṣoṣo,” ni wọ́n wí, “ta ló ń bá a sọ èdè?”

A ò fi abẹ́rẹ́ sàmì sí àwọn ẹ̀yà yìí. Mo tẹ àwọn lẹ́tà náà ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Bàbá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ àwòrán ayé. E bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà, ó gba etíkun wa kọjá títí dé Àǹgólà. Bàbá fọwọ́ kan Bùràsíìlì, wọ́n béèrè àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó rékọjá òkun láyé ẹrú: ṣé E wà lára wọn? Mo ní àwọn onímọ̀ ti wá a, pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́hùn-ún. Ẹ̀yà A ló pọ̀ lára àwọn ọmọ wọn. Bàbá ní, “Á jẹ́ pé wọ́n ti kúrò nílé kí àlejò yìí tó wọlé.”

Mo jókòó. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé sọ nìyẹn: ó dà bíi pé lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí ni E tó tàn káàkiri ilẹ̀ wa. Bàbá ò ka ìwé kankan. Wọ́n kàn mọ̀ pé bí èdè kan bá wà nílé tí kò sí lẹ́nu àwọn tó ti rìnrìn àjò, ó ní ìgbà tó dé.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ìlérí òmùgọ̀ kan. Mo sọ fún Bàbá pé bí a bá ka lẹ́tà inú kòkòrò tiwọn, a ó mọ ibi tó ti wá, a ó sì fi dá wọn láre. Mo fi fóònù tuntun tí mo fẹ́ rà sílẹ̀, mo gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí lábù. Èsì dé: E. Inú mi dùn títí mo fi kà síwájú. E ilẹ̀ wa jọra jù. Ti ẹni tó wà ní Gánà àti ti ẹni tó wà ní Kóńgò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, ká má tíì wá sọ ti Mushin àti Mushin. Bí ìkan tiẹ̀ wà lára Bàbá Tẹ́lọ̀, tí ó jọ ti Bàbá bí ìbejì, kò ní sọ ẹni tó kó ran ẹnì kejì. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Bàbá pẹ̀lú ìtìjú. Mo fi ohun kan tù wọ́n nínú: ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ tó ní in pẹ́ lára nílẹ̀ wa ti kó o, bí àgbà bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó ti wà lára wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó mọ abẹ í dì mú. Bàbá ní “sábà” kì í ṣe “gbogbo ìgbà”. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí ìlérí mi. “Ọmọ tó bá jọ gbogbo àdúgbò,” ni wọ́n wí, “ta lẹ fẹ́ mú pé òun ni baba ẹ̀?”

Nígbà tí lẹ́tà ò lè ràn wá lọ́wọ́, Bàbá wá ọ̀nà tiwọn. Màámi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é, pé ṣọ́ọ̀bù á dahoro. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Bàbá gbé àga oníbàárà síta, wọ́n jókòó sórí rẹ̀ fúnra wọn, ojú wọn sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kòkòrò kan wà lára àwọn, orúkọ rẹ̀ nìyí, ọ̀nà tó ń gbà nìyí. Wọ́n ká apá òsì, wọ́n fi àpá hàn wọ́n, wọ́n sọ nípa abẹ àtijọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí àwọn ti fá lórí rí lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹni tó bá mú èsì wá, àwọn á fá a lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì gún abẹ́rẹ́ tuntun sí ìlú rẹ̀. Wọ́n ti yọ gbogbo abẹ́rẹ́ àtijọ́ kúrò lára páálí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ẹni mẹ́ta dìde, wọ́n lọ. Àwọn tó kù ò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Nígbà tó yá, awakọ̀ kan, ará Ìkirè, béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ẹni tí wọ́n bá bá kòkòrò náà lára rẹ̀ máa ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Bàbá ní àwọ̀ kan náà ni. “Ìlú ni mò ń kọ,” ni wọ́n wí. “Mi ò kọ àrùn.”

Awakọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú bébà. Ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dìde náà padà wá. Wọ́n bá kòkòrò náà lára àwọn kan, Bàbá fúnra wọn ló ń tẹ̀ lé wọn lọ rí dókítà, wọ́n á jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́ irun àwọn nọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù ò dahoro. Ṣùgbọ́n Bàbá Tẹ́lọ̀ kò mú bébà wá.

Bàbá ò gbà kó jókòó sórí àga láìní èsì. Bàbá Tẹ́lọ̀ ní ó dára, irun òun á máa hù. Ó hù títí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní wòlíì, tí wọ́n ń ní kó gbàdúrà fún ìdánwò àwọn. Nígbà tó sú u, ó lọ gẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ oníkílípà kan ní Ìlúpéjú, ó dé fìlà padà wálé. Bàbá ṣí fìlà náà, wọ́n wò ó yípo, wọ́n béèrè bóyá ewúrẹ́ ni wọ́n fi gẹ̀ ẹ́. Ọdún tí wọ́n fi ń bá irú èyí bọ̀ lé ní mẹ́wàá. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ka ìwé ìròyìn, Bàbá Tẹ́lọ̀ ló ń rán gbogbo bùbá tí Bàbá ń wọ̀, àmọ́ orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó.

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ kan, mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní àyẹ̀wò yìí kì í ṣe tìtorí Bàbá nìkan, bó bá wà lára yín, oògùn wà, ẹ̀dọ̀ yín ni. Bàbá Tẹ́lọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ó wà lára mi, èmi á mu oògùn. Àlàó ńkọ́? Kí ni Àlàó máa mu?”

Mo jáde. Mi ò sọ fún Bàbá rí.

Bàbá Àgbà lọ lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ọkàn ló mú wọn lọ, lórí àga oníbàárà, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lórí itan. Ẹ̀dọ̀ wọn ò dá wọn lóró títí dé òpin. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní kí n máa fi ìyẹn yangàn. Abẹ́rẹ́ tó wà lára páálí lọ́jọ́ náà jẹ́ mẹ́rìndínlógún lé ní igba. Kò sí ọ̀kan kan ní Iléṣà. Bàbá ti fi lẹ́ẹ̀dì ya àmì róbótó síbẹ̀, wọ́n ń retí.

Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé báyìí. Bàbá ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, wọ́n máa ń ní ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kí n tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, Bàbá Tẹ́lọ̀ wọlé. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí àga, ó na bébà kan sí mi láìwò mí. Ó ní òun ti ṣe é, torí kò sí ẹni tí èsì rẹ̀ lè bà nínú jẹ́ mọ́. Òun ò tíì ṣí i. Kí n kà á sókè, kí àwòrán ara ògiri gbọ́.

Mo ṣí i. Àyẹ̀wò ọlọ́nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, bóyá kòkòrò wà lára rẹ̀. Èkejì, bóyá ara rẹ̀ ti bá a jà rí. Ẹ̀kẹta, bóyá ààbò kan wà lára rẹ̀ sí i. Mo kà á sókè, ìdáhùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò sí. Mo tún un kà.

Ó béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo ní kòkòrò náà kò dé ara yín rí. Mo ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn, gbogbo abẹ tó ti apá Bàbá bọ́ sórí yín, kò kó o ràn yín. Mo mọ̀ pé orí kan kò lè jẹ́rìí fún gbogbo orí. Ṣùgbọ́n kò sí orí kankan láyé tí abẹ yẹn mọ̀ tó eléyìí.

Bàbá Tẹ́lọ̀ fi fìlà nu ojú, ó ní eruku ṣọ́ọ̀bù yìí ti pọ̀ jù, kí ni mo ń fi ìgbálẹ̀ ṣe. Ó ní dókítà ti gún òun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ó ku méjì. Mo ya bíléèdì tuntun, mo gbé e sórí rẹ̀.

“O ò ní tọ́ ọ wò lápá?” ló bi mí.

Mo ní tuntun ni, a kì í tọ́ tuntun wò.

Mo fá a kanlẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́ olórí kan, ó sì ní kí n fún òun. Ó rìn lọ sídìí páálí, ó gún un mọ́ àárín àmì róbótó tí Bàbá fi lẹ́ẹ̀dì yà. Iléṣà, ẹ̀kẹtàdínlógún lé ní igba. Kò sí, kò sí, kò sí.